Fáníyì Kì í Wọ Ilé Búrẹ́dì

Ẹ má bi mí pé ta ló sọ fún mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, ojú mi ló ṣe. Èmi Ìyá Ìmísí, ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta ọṣẹ, mílíìkì àti àbẹ́là ní Mayfair n'Ífẹ̀ kọjú sí ilé búrẹ́dì Ìyá Mojíre gan-an, títì nìkan ló là wá láàárín. Bí wọ́n bá yọ búrẹ́dì gbígbóná níbẹ̀, imú mi ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ń jà, etí mi náà ni. Torí náà, bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Mojíre àti Fáníyì, ẹnu mi ni kí ẹ ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu àwọn tó ń fi iyọ̀ àti ata sí i kiri àdúgbò.

Ọdún tí àlìkámà ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wọ orílẹ̀-èdè yìí ni. Ìjọba ti fòfin dè é tẹ́lẹ̀, àwọn oníbúrẹ́dì wá ń po ìyẹ̀fun àgbàdo mọ́ ti ẹ̀gẹ́, búrẹ́dì ń rún wómúwómú lọ́wọ́ ẹni. Nígbà tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí àlìkámà, inú Ìyá Mojíre dùn bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ ìyẹ̀fun já wá láti Èkó, ó dúró níwájú ilé búrẹ́dì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà. Ó ga, ó dúdú, ó mọ́ tónítóní. Ó wá ra mínírà tútù lọ́wọ́ mi.

Kò tíì mu ún dé ìdajì tí Mojíre fi jáde. Mojíre ni ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí. Bàbá rẹ̀ ti di olóògbé. Ó kàwé nílé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe, ṣùgbọ́n ìdí ààrò búrẹ́dì ló padà sí, torí ìyá rẹ̀ ò ní ẹlòmíràn tó máa fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ìyẹ̀fun ti kùn ún dé ìgbọ̀nwọ́, ìpéǹpéjú rẹ̀ pàápàá funfun. Ó kọjú sí dẹ́rẹ́bà, ó ń bi í bóyá ẹsẹ̀ ló fi rìn wá láti Èkó. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bú sẹ́rìn-ín.

Mojíre yíjú sí i. Ó ní, "Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Ẹ má bínú," ni ó wí. "Ìyẹ̀fun tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ ń jà yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo gbá àlìkámà ẹ̀ jọ nínú ọkọ̀ ojú omi l'Ápápá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé ta ló ń lò ó. Mi ò mọ̀ pé ó rẹwà tó báyìí."

Mo rí i tí Mojíre gbàgbé dẹ́rẹ́bà. Ó ní kó wọlé wá tọ́ búrẹ́dì gbígbóná wò, ṣebí òun náà bá wọn ṣe níbẹ̀. Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró, ó sì dá ẹsẹ̀ náà padà. Ó ní ibi tóun wà dára, òun á dúró síbẹ̀. Èèyàn tó kúrò l'Ékòó láti òwúrọ̀, tí mínírà nìkan wà níkùn ẹ̀, kọ búrẹ́dì gbígbóná. Mo fi í sọ́kàn.

Fáníyì ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹdúnàbọ̀n ni. Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí wọ́n bá fún un láyè níbi iṣẹ́, Ifẹ̀ ló ń bọ̀. Orí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló ń jókòó sí, lábẹ́ igi fúrúǹtù, èmi ni mo sì máa ń pe Mojíre fún un. Mojíre á sáré sọdá títì, ìyẹ̀fun á ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ojú ọmọ náà á máa dán. Kò pẹ́ tí Fáníyì fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Àníkẹ́, oríkì tí ìyá ẹ̀ nìkan fi ń pè é tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti di ìfẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ dí i.

Níbi tó ti ń dúró dè é ló ti ń sọ iṣẹ́ ẹ̀ fún mi. Ó ní àlìkámà tó ń ti òkè òkun bọ̀, wọn kì í dì í sápò. Wọ́n kàn ń dà á sínú ikùn ọkọ̀ gbàràgàdà ni, bí ìgbà téèyàn da gàrí sínú kẹ̀ǹgbẹ̀. Ó ní ikùn kan jìn ju kànga lọ, ó sì fẹ̀ ju ilé búrẹ́dì lọ. Páìpù ńlá kan ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ tó máa ń fa àlìkámà sókè lọ sí ilé ìlọ̀. Ṣùgbọ́n páìpù ò mọ kọ̀rọ̀. Tó bá kù sí ìsàlẹ̀, èèyàn ló máa gba àkàbà irin wọ ikùn ọkọ̀ lọ pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti ìgbálẹ̀, tí wọ́n á máa gbá a jọ sẹ́nu páìpù. Òun Fáníyì ló ń ṣáájú wọn. Ó ní wọ́n á so aṣọ mọ́ imú, eruku á sì ṣú débi pé ohùn ni wọ́n fi ń mọ ara wọn.

Ó tún ní tójò bá ṣú, wọ́n á sáré fi ìdérí irin bo ikùn ọkọ̀, torí tómi bá kan àlìkámà, á hù, á sì bu. Iṣẹ́ á dúró, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lọ sílé, nítorí ìgbàkígbà tí ojú ọ̀run bá là ni wọ́n máa ṣí i padà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ dùn bí àlọ́. Tí nǹkan bá sì ti dùn jù, èmi a máa fura.

Ìyá Mojíre fura jù mí lọ. Ó ní láti ọjọ́ tí ọmọkùnrin yìí ti ń bọ̀, kò tíì fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà òun. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ fún un lójú títì, á kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ṣùgbọ́n tí ìyá bá ní kó wọlé, á ní òun ń yára. Yíyára wo, nígbà tó jẹ́ pé á tún padà wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi títí oòrùn á fi wọ̀.

Ọ̀rọ̀ òjò ló wá bu epo síná. Wọ́n dá ọjọ́ tí Fáníyì máa kó àwọn èèyàn ẹ̀ wá kí Ìyá Mojíre, kí ẹbí mọ ẹbí. Ìyá se ìrẹsì, ó pa adìyẹ, ó ránṣẹ́ pe àwọn àgbà ilé ọkọ ẹ̀. A jókòó, a ò rí ẹnì kan. Ìrọ̀lẹ́ ni dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ ìyẹ̀fun jíṣẹ́ pé Fáníyì ní ká má bínú, òjò dá àwọn dúró lórí ọkọ̀ l'Ápápá. Ẹ̀yin èèyàn, oòrùn tó ràn n'Ífẹ̀ lọ́jọ́ náà lè sá ẹ̀gẹ́ gbẹ kó tó di ọ̀sán. Àwọn àgbà ilé wo ara wọn lójú.

"Òjò tó rọ̀ l'Ékòó tí kò rọ̀ n'Ífẹ̀," ni Ìyá Mojíre wí, "obìnrin lorúkọ ẹ̀."

Mojíre gbè é lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọkàn òun náà ò balẹ̀. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó jókòó, kò ra nǹkan kan. Ó ní ohun tí òun ò lè sọ fún ìyá òun ni òun fẹ́ sọ. Ó ní tó bá di ọjọ́ Àìkú, táwọn bá ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, Fáníyì á di òun lọ́wọ́ mú, àwọn á rìn lọ lọ́nà yunifásítì, ọ̀rọ̀ dídùn ni á máa sọ sí òun létí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọjọ́ Sátidé, tí òun bá sáré jáde látibi iṣẹ́ lọ pàdé ẹ̀, ṣe ló máa ń jìnnà sí òun.

"Mo sún mọ́ ọn, ó sún sẹ́yìn," ni ó wí. Omi ti gba ojú ẹ̀. "Ìyá Ìmísí, ṣé mò ń rùn ni?"

Mo ní òórùn búrẹ́dì gbígbóná ló ń ti ara ẹ̀ jáde, mi ò sì tíì rí ọkùnrin tó ń sá fún ìyẹn. Mo ní kó fara balẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, mo ń bi ara mi pé kí ló dé tí ìfẹ́ ọmọkùnrin yìí fi ní ọjọ́ tó ń ṣiṣẹ́ àti ọjọ́ tó ń gba ìsinmi.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Fáníyì dé, kò rí mi, mo bẹ̀rẹ̀ nídìí káńtà mò ń to ọṣẹ. Ó lọ sẹ́yìn igi fúrúǹtù. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó yọ nǹkan kékeré kan lápò, ó kì í bọ ẹnu, ó gbé orí sókè, ó dákẹ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú, ó sì dá a padà sápò. Lẹ́yìn náà ló nu ẹnu, tó yọ síwájú mi tẹ̀ríntẹ̀rín pé kí n bá òun pe Mojíre.

Ta ni kò mọ àfọ̀ṣẹ n'Ífẹ̀? Ohun téèyàn ń fi kan ẹnu, tí ohunkóhun tó bá sọ lẹ́yìn ẹ̀ á rí bẹ́ẹ̀. Mo sọdá títì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo fi ohun tí mo rí tó Ìyá Mojíre létí. Mi ò tíì bẹ ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀ títí dòní. Ọmọ ọlọ́mọ ni, ta ló máa rí irú ẹ̀ kó panu mọ́?

Ìyá Mojíre jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. Ó ní ó ti yé òun. Ó ní ẹni tó bá ní nǹkan líle lára máa ní èèwọ̀, nǹkan kan wà nínú ilé búrẹ́dì òun tó lòdì sí ohun tó wà lápò Fáníyì, tó bá ti wọlé, á bàjẹ́. Ó ní ẹ ò rí i bí Mojíre ò ṣe gbọ́, tí kò gbà, àfi Fáníyì ṣáá. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ sí ọmọ òun lára.

Nígbà tó débẹ̀, Mojíre kojú ọkùnrin náà fúnra ẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì mi náà ni. Mo ṣe bí ẹni tó ń gbálẹ̀.

"Fáníyì, kí ló wà nílé wa tí o ò lè wọ̀ ọ́?"

"Àníkẹ́ mi, mo fẹ́ràn rẹ ju bí ẹnu mi ṣe lè sọ ọ́ lọ. Jẹ́ kí ìyẹn tó ọ ná."

"Kò tó mi. Kí ló wà lápò rẹ?"

Ọkùnrin náà fọwọ́ bo àpò. Mojíre dúró títí, ó sì sọdá padà láì wẹ̀yìn. Inú bí mi sí Fáníyì lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n mo tún rí i pé omi wà lójú òun náà. Ẹni tó lọ́wọ́ nínú ibi kì í sábà sunkún bẹ́ẹ̀. Ìyẹn náà tún kó ìdààmú bá mi.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá Fáníyì, Bàbá Awóyẹmí, wá láti Ẹdúnàbọ̀n wá tọrọ àforíjì ọjọ́ tí wọn ò wá. Àgbàlagbà jẹ́jẹ́ ni. Ìyá Mojíre gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Ó ní láyé àtijọ́, kí wọ́n tó fún ọkùnrin lọ́mọ, á kó ẹgbẹ́ ẹ̀ lẹ́yìn wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna, wọ́n á ro oko bàbá ìyàwó. Òun ò lóko, ilé búrẹ́dì loko òun. Kí Fáníyì kó àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wá lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ìyẹ̀fun bá dé, kí wọ́n já a, kí wọ́n tò ó sínú yàrá ẹrù. Bàbá Awóyẹmí rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó ń já odindi ọkọ̀ ojú omi, kí ni ti ọkọ̀ ìyẹ̀fun kan?

Fáníyì tó bá a wá, tó dúró síta lójú títì, ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun gbọ́, òun á ṣe é.

Lọ́jọ́ náà, ó dé pẹ̀lú Abdulwaheed, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń wọ ikùn ọkọ̀, àtàwọn ọkùnrin mélòó kan bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn so aṣọ mọ́ imú. Ìyá Mojíre ti pa fèrèsé yàrá ẹrù dé, ó ní ohun tó bá máa bàjẹ́, kó bàjẹ́ síbẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera.

Ó ní, "A kì í bojú wọlé mi. Ẹ tú u."

Abdulwaheed fẹ́ sọ̀rọ̀, Fáníyì sì fojú pa á lẹ́nu mọ́. Ó tú aṣọ imú ẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá, ó sì gbé ẹsẹ̀ wọlé. Èmi àti Ìyá Mojíre wo ara wa. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó gbé àpò kan, ó gbé òmíràn, ó ń tò wọ́n gbọọrọgbọ bí ẹni tó ń mọ ògiri. Mojíre ń wò ó láti ìdí ààrò, mo rí i tí ọkàn ẹ̀ ń padà bọ̀ sípò.

Àfìgbà tí àpò kan bẹ́ lókè tó dà lé wọn lórí. Gbogbo yàrá funfun. Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbọn ara wọn. Fáníyì nìkan ló jáde. Ó fọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, àyà ẹ̀ ń dún fíì, fíì, bí fèrè. Kó tó dé àárín àgbàlá, ó ti ṣubú.

"Ó ti bàjẹ́," ni Ìyá Mojíre wí, ó sì tọwọ́ bọ àpò ọmọkùnrin náà. Ike kékeré aláwọ̀ búlúù ló fà yọ. Kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó jù ú sínú gọ́tà.

Abdulwaheed ke bí ẹni tí wọ́n fọ̀bẹ gún. Ó bẹ́ sínú gọ́tà, ó ń fọwọ́ tú ẹrọ̀fọ̀. Ó ní èémí ọ̀rẹ́ òun nìyẹn, ohun tí dókítà fún un tó fi ń fín ọ̀fun ni, ẹ̀yin Màmá yìí ti pa á. Ó rí i, ó fi ṣòkòtò nù ún, ó kì í bọ Fáníyì lẹ́nu. Díẹ̀ ló wọlé, kò tó.

Mojíre ti sáré dé, ó fẹ́ gbé orí olólùfẹ́ ẹ̀ lé àyà. Abdulwaheed fi apá gbá a dànù.

"Má fọwọ́ kàn án. Ìyẹ̀fun ara rẹ yẹn ló ń pa á."

Mojíre dúró gbọnin. Mo rí i bí gbogbo ọjọ́ Sátidé yẹn ṣe ń yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yíjú sí dúrọ́ọ̀mù omi, ó ki korobá bọ̀ ọ́, ó dà á lé ara láti orí, ó tún bù ú, ó tún dà á, títí ìyẹ̀fun fi ṣàn lára ẹ̀ bí ẹ̀kọ. Nígbà náà ló fi ara tútù rinrin wọ inú takisí tí wọ́n ti gbé Fáníyì sí, tó gbé orí ẹ̀ lé itan. Ó ń pè é pé, "Olówó orí mi, mí sí mi lára, mo ti mọ́." Gbogbo wa là ń sunkún, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ọ́.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, a tètè dé ọsibítù. Dókítà ní kì í ṣe ikọ́ ife, wọ́n ti yàwòrán àyà ẹ̀, ó mọ́. Ó ní eruku àlìkámà tó ti ń fà símú láti ọjọ́ yìí ló mú kí àyà ẹ̀ kórìíra ìyẹ̀fun, kò gbọ́dọ̀ wọ ikùn ọkọ̀ mọ́. Mojíre bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún òun. Èmi náà fẹ́ gbọ́, mo sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ohùn ẹ̀ ṣì kéré. Ó ní, "Àníkẹ́, tẹ́bí bá ń wádìí ọkọ, kí ni wọ́n ń bèèrè? Ṣé wèrè wà ńbẹ̀, ṣé ẹ̀tẹ̀ wà ńbẹ̀, ṣé ikọ́ wà ńbẹ̀. Ta ló máa fún oníkọ́ lọ́mọ? Mo gbà kí ìyá rẹ pè mí ní olóògùn. Wọ́n ń fún olóògùn lọ́mọ."

Ẹ ò rí i pé òótọ́ ló sọ. Nígbà tí mo délé tí mo ṣàlàyé fún Ìyá Mojíre, ojú ẹ̀ tún le sí i. Ó ní òun dúpẹ́ pé kò kú sílé òun, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ oògùn ni, wọ́n lè kó o dànù. Ikọ́ ńkọ́? Ó ní dókítà lè sọ ohun tó bá fẹ́, dókítà kọ́ ló máa fẹ́ ẹ. Ó ní títí òun á fi kú, òun ò ní fọmọ òun fún ẹni tí àyà ẹ̀ ń fọn fèrè.

Ilé búrẹ́dì wá dákẹ́. Mojíre ń ṣiṣẹ́, kò bá ìyá ẹ̀ sọ ju ẹ káàárọ̀, ẹ kú iṣẹ́ lọ. Fáníyì fi Apápá sílẹ̀, nítorí kò sí ibi tí wọ́n lè fi í sí níbẹ̀ tí eruku ò ní dé. Ó padà sí Ẹdúnàbọ̀n, ó ń bá àwọn oníṣu di ọkọ̀ lẹ́bàá títì Ìbàdàn. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n dì bíi tiẹ̀, iṣu kan kì í fọ́. Kò wá sórí bẹ́ǹṣì mi mọ́. Ó ránṣẹ́ sí Mojíre pé òun ò ní jẹ́ kó fi ìyá ẹ̀ sílẹ̀ nítorí òun. Mojíre ránṣẹ́ padà pé òun ò bèèrè ìmọ̀ràn. Gbogbo Àìkú, yálà ìyá fẹ́ tàbí ó kọ̀, Ẹdúnàbọ̀n ló ń lọ.

Ohun tó ń jẹ Ìyá Mojíre lọ́kàn ò jẹ́ kó sùn. Ó ń wo ọmọ ẹ̀ bóyá á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́. Tí Mojíre bá sín lásán, á gbọ̀n. Nígbà tó yá, ó wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ń yọ búrẹ́dì lọ́wọ́, ìró iṣẹ́ ló ró. Ó ní ká jọ lọ sí Ẹdúnàbọ̀n nísinsìnyí, ká lọ fojú ara wa rí i, ká má jẹ́ kó mọ̀ pé à ń bọ̀.

A jókòó sínú àtíbàbà oníṣu kan ní òdìkejì títì, a fi ìborùn bojú. Fáníyì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó ń gbé iṣu, ó ń gun ọkọ̀, ó ń pàṣẹ, ó ń bá àwọn obìnrin oníṣu ṣe yẹ̀yẹ́. A wò ó títí oòrùn fi kan àtàrí. Kò kọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Mojíre ń wo mí, mò ń wò ó. Ó ní bóyá ó ti mọ̀ pé a wà níbẹ̀ ló ṣe ń há a mọ́ra. Mo ní kò sẹ́ni tó lè há ikọ́ mọ́ra láti òwúrọ̀ dọ̀sán, àfi tí kò bá ní in.

Ó dìde, ó sọdá. Fáníyì rí i, iṣu bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn. Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, ó ní kó dìde. Ó dìde, ó fẹ́ kí i. Ibẹ̀ ni ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń tọrọ gáfárà, ó ń sún sẹ́yìn, ikọ́ náà ò dáwọ́ dúró.

Ìyá Mojíre wo ìró ara ẹ̀. Ó wo ọwọ́ méjèèjì. Ìyẹ̀fun wà láàárín èékánná, ó wà létí ìborùn. Ó yíjú sí mi, mi ò rí irú ojú yẹn lára ẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ ẹ̀.

"Ìyá Ìmísí," ni ó wí, "èmi ni ikọ́ ọmọ yìí."

Òun fúnra ẹ̀ ló sún sẹ́yìn. Ó sọdá padà sí òdìkejì títì, ó dúró níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá Fáníyì sọ̀rọ̀ lókè ohùn láàárín àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá. Ó ní ṣé ó ń sùn dáadáa, ṣé ó ń jẹun, ṣé àyà ẹ̀ kì í dùn ún lóru. Àwọn èrò ọkọ̀ ń yọrí wò wọ́n. Fáníyì ń pariwo padà pé bẹ́ẹ̀ ni mà, ẹ ṣé mà.

Nígbà tá a padà dé Mayfair, Ìyá Mojíre ránṣẹ́ pe bíríkìlà. A rò pé ààrò tuntun ló fẹ́ mọ. Balùwẹ̀ ló kọ́ sẹ́yìn ilé búrẹ́dì, ó lẹ táìlì mọ́ ọn, ó fa omi sí i, ó kan sélúfù sínú ẹ̀ tí aṣọ mímọ́ máa wà. Àwọn ìyá mìíràn máa ń ra ìkòkò àti bẹ́ẹ̀dì fọ́mọ tó ń lọ ilé ọkọ. Ó ní Mojíre ò ní fi búrẹ́dì sílẹ̀, kò sì ní fi ọkọ sílẹ̀. Tó bá ti ń ṣíwọ́ lójoojúmọ́, kó wẹ̀, kó pààrọ̀ aṣọ, kó tó lọ bá olówó orí ẹ̀ l'Ẹ́dúnàbọ̀n. Mojíre gbọ́, ó dìrọ̀ mọ́ ìyá ẹ̀ lọ́rùn, àwọn méjèèjì kún fún ìyẹ̀fun.

Ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ọ́ pé. Bàbá Awóyẹmí kó ẹbí wá, Abdulwaheed náà ti Apápá dé. Ìyá Mojíre ní wọn ò gbọ́dọ̀ mú Fáníyì sọdá títì. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi la to àga sí. Gbogbo èèyàn ti jókòó, wọ́n ń retí ìyá ìyàwó. Ọkọ ìyàwó náà ń retí, mo rí i tó ń fọwọ́ tẹ àpò ẹ̀ wò.

Omi ń dún lẹ́yìn ilé búrẹ́dì. A rò pé Mojíre ni. Mojíre yọ láti ọ̀dọ̀ onídìrí ní òdìkejì, òun náà ń bèèrè ìyá ẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Mojíre jáde, irun ẹ̀ ṣì tutù, aṣọ inú àpótí tó ń rùn káńfọ̀ ló wà lára ẹ̀. Ó sọdá títì wọ́ọ́rọ́wọ́. Fáníyì ti fẹ́ dìde láti sún fún un, bí ìṣe ẹ̀. Ìyá jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú ẹ̀ kó wò ó, àtẹ́lẹwọ́ àti èékánná.

"Ọmọ mi," ni ó wí, "mo ti wẹ̀. Sún mọ́ mi."